Ohun tí Ìwé Sọ nípa Ààlà Wa

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbàdo, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ omi mímu. Ọ̀rọ̀ ààlà ni, èyí tó wà láàárín wa àti Nàìjíríà.

Kò sí àgbà kan ní agbègbè wa tí kò mọ ààlà yìí. Ìyá tó ń ta gàrí mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń lọ sí ìnáwó àwọn ará rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọkùnrin tó ń fi alùpùpù gbé epo bẹntiróòlù mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ èèyàn mẹ́wàá pé kí ni òfin sọ nípa kíkọjá ààlà, mẹ́sàn-án nínú wọn ni yóò fi "Wọ́n ní" bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn. Wọ́n ní ibodè ti ṣí. Wọ́n ní a kò nílò ìwé kankan mọ́. Wọ́n ní wọ́n tún ti tì í. Ta ni "wọ́n"? Níbo ni wọ́n ti rí i kà?

Ìwé wà. Láti ọdún 1889 ni ìwé ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan nínú ìwé náà kò dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Àwọn mìíràn dé, ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fi gbé e dé, ohun tó sì dé etí wa kì í ṣe odindi ohun tó wà nínú ìwé. Ìyà tó ti ìdí èyí jẹ àwọn èèyàn wa kò kéré. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

BODÈ ÀWỌN BABA WA

Bodè kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní èdè wa. Ìlú tó bá ní odi ní bodè, bodè sì ní oníbodè. Ní Kétu, Àkàbà Ìdẹ̀nà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹni tó bá fẹ́ rí i lè lọ wò ó. Oníṣòwò tó bá dé bodè yóò sọ ibi tó ti ń bọ̀, yóò sọ ilé tó ń lọ, yóò san owó bodè, wọ́n á sì jẹ́ kó kọjá. Èèyàn ni wọ́n fi ń mọ èèyàn. Kò sí ìwé.

Láàárín ìlú kan sí èkejì, igbó ni ààlà, tàbí odò, tàbí igi ńlá kan tí tẹrú-tọmọ mọ̀. Ọba kì í wọn ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn tó ń sìn ín ló ń kà. Alákétu ní ìlú púpọ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní apá ìlà-oòrùn, Ìmẹ̀kọ sì wà lára wọn.

Àwọn kan máa ń sọ pé ayé ìgbà náà dùn, pé kò sí ẹni tó ń da arìnrìn-àjò láàmú. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Ogun àti ìkónilẹ́rú wà lójú ọ̀nà nígbà náà. Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Glèlè, ọba Dàhòmì, fọ́ ìlú Kétu, wọ́n sun ún, wọ́n sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Àgbómẹ̀. Ìlú di ahoro. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn, nítorí pé ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pín ilẹ̀ náà.

ÌWÉ TÍ WỌ́N KỌ NÍ PÁRÌSÌ

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn aṣojú ìjọba Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Párìsì. Faransé ti wà ní Àjàṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ti wà ní Èkó. Kálukú wọn ń bẹ̀rù pé èkejì yóò gba ilẹ̀ tó wà láàárín. Wọ́n bá mú àwòrán ilẹ̀, wọ́n sì fa ìlà kan sórí rẹ̀.

Irú ìlà wo? Lórí àwòrán ayé, àwọn onímọ̀ máa ń fa ìlà láti gúúsù lọ sí àríwá, gbọọrọ bí okùn tí a ta sórí oko kí ebè má baà wọ́. Ẹni tó ń rìn lórí ilẹ̀ kì í rí irú ìlà bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú èyí tó gba ibi odò Àjàrá kọjá, lẹ́bàá Àjàṣẹ́, wọ́n ní òun ni ààlà. Wọ́n ní kí Ìpókíá bọ́ sí apá ti Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dọ̀ Èkó. Láti ibẹ̀, kí ìlà náà máa lọ tààrà sí òkè, kó kọjá Ṣábẹ, títí dé ibi tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìwọ̀n kẹsàn-án ní àríwá. Ibẹ̀ ni wọ́n fi í mọ ní ọdún yẹn.

Ta ni wọ́n bi léèrè ní Kétu? Kò sí ẹni tí wọ́n ìbá bi. Ìlú ti di ahoro, Alákétu kò sí, àwọn ọmọ ìlú wà lóko ẹrú. Ìgbà tí Faransé gba Àgbómẹ̀ ní 1892 ni ọ̀nà ilé tó là fún wọn, ó sì tó nǹkan bí 1894 kí Kétu tó tún ní ọba. Wọ́n padà wá tún ilé kọ́, wọ́n tún oko ro. Nínú ìwé, ilẹ̀ tí wọ́n padà sí ti di méjì: Alákétu wà ní apá Faransé, Ìmẹ̀kọ àti àwọn abúlé tó yí i ká wà ní apá Gẹ̀ẹ́sì.

Ní 1895 àti 1896 ni àwọn awọnlẹ̀ wá fi ojú ara wọn wo ibi tí ìlà náà gbà. Àdéhùn mìíràn tẹ̀lé e ní 1898, èyí tó gbé ààlà dé odò Ọya. Wọ́n tún un tò ní 1906. Ní ibòmíràn, odò Ọ̀pàrà ni wọ́n fi ṣe ààlà dípò ìlà orí ìwé. Ìlárá tiẹ̀ bọ́ sí ìhà méjèèjì: Ìlárá kan wà ní Nàìjíríà, èkejì wà ní ilẹ̀ wa.

ÀWỌN TÓ FI ÀÀLÀ ṢE IBI ÌSÁDI

Bí a bá dúró síbẹ̀, ìtàn yìí kò ní yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo wa ti gbọ́, pé òyìnbó ló pín wa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò káwọ́ lẹ́rán. Ohun tí wọ́n fi ìlà náà ṣe ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ní 1899, ìjọba Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó-orí ní Dàhòmì. Lẹ́yìn owó-orí ni iṣẹ́ ọ̀ranyàn dé: ọ̀nà yíyẹ̀, ẹrù rírù. Òfin kan sì wà tó fún kómándàn lágbára láti fi èèyàn sẹ́wọ̀n láìgbé e dé kóòtù. Ní ìhà kejì ààlà, Gẹ̀ẹ́sì náà kì í ṣe áńgẹ́lì. Òun náà ń fipá mú àwọn èèyàn ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní agbègbè Abẹ́òkúta, ó di 1918 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba irú owó-orí bẹ́ẹ̀. (Owó yẹn wà lára ohun tó fa ogun Àdúbí lọ́dún náà.) Ẹ wò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ọdún tí ẹni tó ń gbé ní Kétu fi jẹ ìjọba ní gbèsè owó-orí, tí ọmọ ìyá rẹ̀ tó ń gbé lódìkejì kò sì jẹ ẹ́.

Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914, nǹkan le sí i. Faransé ní kí àwọn abúlé mú ọ̀dọ́mọkùnrin wá fún iṣẹ́ ṣọ́jà, wọ́n sì ń kó wọn lọ jagun ní ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn Ọ̀họ̀rí gbé ohun ìjà, wọ́n bá Faransé jà. Ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn ní Kétu àti ní Ṣábẹ kò jà. Wọ́n ká ẹní, wọ́n pọn ọmọ, wọ́n gba ọ̀nà oko lọ sí ìlà-oòrùn. Ìlú àjèjì kọ́ ni wọ́n dé. Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀, àna wà níbẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n lè fi dáko sì wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, tó jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ nípa àwọn tó ṣí lọ yìí nínú ìwé ńlá rẹ̀ tó jáde ní 1976.

Ìjọba Faransé bínú, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Ìlà tí àwọn fúnra wọn fọwọ́ sí ni kò jẹ́ kí ṣọ́jà wọn lépa ẹni tó sá. Ìwé Párìsì, tí wọn kò torí tiwa kọ, ló wá ń dáàbò bo ẹni tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó kọjá náà kò lè ka ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ó kàn mọ ibi tí agbára kómándàn parí sí ni. Ó di ọdún 1946 kí wọ́n tó fòpin sí iṣẹ́ ọ̀ranyàn àti òfin kómándàn.

LÁTI ÒMÌNIRA DÉ GÁNÀ

Ní 1960, Tógò, Dàhòmì àti Nàìjíríà gba òmìnira láàárín oṣù mẹ́fà síra wọn. Ẹni tó rò pé ìlà òyìnbó yóò bá òyìnbó lọ, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1964, ní Káírò, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà fohùn ṣọ̀kan pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bọ̀wọ̀ fún ààlà tó bá nílẹ̀ lọ́jọ́ òmìnira. Ìbẹ̀rù ogun ló fà á, n kò sì dá wọn lẹ́bi.

Láti ìgbà náà, àlejò tí kò ní ìwé wá di ẹni tí a lè lé nígbàkigbà tí nǹkan bá le. Wọ́n ti lé àwọn ará Dàhòmì àti Tógò ní Côte d'Ivoire ní 1958. Níjẹ̀ lé àwọn ará Dàhòmì ní ìparí 1963. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn Yorùbá kò lè gbàgbé ni ti Gánà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba K. A. Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì! Àwọn oníṣòwò Yorùbá tó wà ní ọjà Gánà nígbà náà pọ̀ gan-an, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ pọ̀, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì mọ ilé baba wọn rí. Wọn kò wá ìwé nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n, àkókò ti kọjá. Ọ̀nà Lomé àti ọ̀nà Kútọnù ni wọ́n gbà bọ̀ wálé.

ÌWÉ DAKAR

Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, orílẹ̀-èdè 15 fọwọ́ sí ìwé ní Èkó láti dá àjọ kan sílẹ̀ fún ọrọ̀-ajé àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àjọ náà ni a ń pè ní CEDEAO ní ìhà tiwa, tí wọ́n ń pè ní ECOWAS ní Nàìjíríà. Ààrẹ Gowon ti Nàìjíríà àti Ààrẹ Eyadéma ti Tógò ló ṣe ìpè rẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979, wọ́n fọwọ́ sí ìwé mìíràn ní Dakar lórí bí ọmọ orílẹ̀-èdè kan yóò ṣe máa wọ èkejì, tí yóò máa gbé ibẹ̀, tí yóò sì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìwé yìí ló kàn wá jù lọ. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ kà á.

Ìwé náà ní ipele mẹ́ta ni ẹ̀tọ́ yìí yóò gbà wọlé, láàárín ọdún 15. Èkíní ni ẹ̀tọ́ láti wọ ìlú láìgba físà. Físà ni ìwé àṣẹ tí ẹni tó fẹ́ wọ ìlú kan ń kọ́kọ́ lọ gbà kó tó gbéra. Èkejì ni ẹ̀tọ́ láti máa gbé ìlú náà. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tọ́ láti dá òwò tàbí iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Wọn kò wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ti ìwọ̀lú ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ní 1980. Àdéhùn lórí ìgbélùú, ó di 1986 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ti òwò dídá sílẹ̀, ó di 1990.

Ní abala kẹta, ìwé náà ní ẹni tó bá fẹ́ wọ ìlú mìíràn gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kó sì ní káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ti àwọn arìnrìn-àjò. Ìwé ìrìnnà lè jẹ́ pásípọ́ọ̀tù, ó sì lè jẹ́ ìwé mìíràn tí ìjọba rẹ fún ọ, tó ní fọ́tò rẹ, tí wọ́n sì lè tẹ òǹtẹ̀ sí. Ó gbọ́dọ̀ gba ibodè tí ìjọba yàn wọlé. Tó bá ti ṣe èyí, ó lè lo ọjọ́ 90 láìgba físà. Bí ó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ gba àṣẹ.

Abala kẹrin ní ìlú tí ẹ ń lọ ṣì lè kọ̀ fún ẹni tí òfin ìlú náà kò bá gbà wọlé. Àwọn ìjọba kò gbàgbé láti fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ fún ara wọn.

Abala kọkànlá ń kọ́? Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀. Ó sọ nípa lílé àlejò jáde. Ó ní bí ìlú kan bá fẹ́ lé ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn nínú àjọ náà, kí ó sọ fún ẹni náà, kí ó sọ fún ìjọba ẹni náà, kí ó sì sọ fún àjọ. Ìlú tó lé e ni yóò san owó ọ̀nà rẹ̀. Kí wọ́n dáàbò bo òun àti ìdílé rẹ̀. Kí wọ́n tọ́jú ohun ìní rẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà fún un.

Ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn. Kí ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́? Wọ́n gbọ́ pé ibodè ti ṣí.

OṢÙ KÌÍNÍ ỌDÚN 1983

Nàìjíríà ń ta epo rọ̀bì lówó ńlá ní àwọn ọdún 1970. Ilé ń gòkè, ọ̀nà ń là, iṣẹ́ pọ̀. Láti Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀, Níjẹ̀ àti Ṣáàdì ni àwọn èèyàn ti ń rọ́ lọ síbẹ̀: bíríkìlà, dírẹ́bà, olùkọ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé, àwọn tó ń tajà lórí atẹ. Ìjọba kò yọ wọ́n lẹ́nu, nítorí pé iṣẹ́ ń bẹ.

Nígbà tó di 1982, owó epo ti já wálẹ̀. Iṣẹ́ dáwọ́ dúró, àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn kò ríṣẹ́ ṣe. Rògbòdìyàn ẹ̀sìn ti ṣẹlẹ̀ ní Kánò àti ní ìlú mìíràn lókè ọ̀hún, wọ́n sì di díẹ̀ nínú ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn àlejò. Ìdìbò sì ń bọ̀ ní 1983. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún náà, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Ààrẹ Shagari, kéde pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé jáde kí ọjọ́ 14 tó pé. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́ dáadáa ni wọ́n fún láàyè díẹ̀ sí i, títí di ìparí oṣù kejì.

Ìjọba Nàìjíríà ní òun kò rú ìwé Dakar. Ọjọ́ 90 ni ìwé náà fún àlejò, àwọn tí òun ń lé sì ti ju ọjọ́ 90 lọ. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ láìgba àṣẹ, nígbà tí ẹ̀tọ́ ìgbélùú kò tíì bẹ̀rẹ̀. Tí a bá fi ojú ìwé wò ó, abala kẹta gbè é. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́ta ní Èkó pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ibodè ti ṣí, kò ní ohun tó lè fi hàn. Ṣùgbọ́n ta ló ka abala kọkànlá fún un? Ta ló sọ fún un pé kò yẹ kó fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lọ báyìí? Àwọn èèyàn ta ohun ìní wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n fi owó iṣẹ́ tí wọn kò tíì gbà sílẹ̀, wọ́n sì gun ọkọ̀ akẹ́rù. Ìjọba tó di abala kẹta mú ṣinṣin kò fi ojú kan náà wo abala kọkànlá. Ní èrò tèmi, ibẹ̀ ni ẹ̀bi rẹ̀ wà.

Sèmè ni ọ̀pọ̀ wọn gbà. Àwọn ará Gánà nìkan ju mílíọ̀nù kan lọ. Gánà ti ti ibodè rẹ̀ pẹ̀lú Tógò láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1982, nítorí náà Tógò kò fẹ́ kí wọ́n wọlé wá há mọ́ òun lọ́wọ́, ó ti ibodè tirẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ náà tì. Èrò há sójú ọ̀nà, láàárín Èkó àti Kútọnù, nínú oòrùn ọyẹ́, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ àti báàgì. Ọjọ́ 29 oṣù kìíní ni Gánà tó ṣí ibodè rẹ̀, tí ìlà ọkọ̀ sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Báàgì onílà tí wọ́n fi kó ẹrù nígbà náà, tí a ṣì ń rà lọ́jà, Nàìjíríà ló fún un ní orúkọ: Ghana Must Go, ìyẹn ni pé ará Gánà gbọ́dọ̀ lọ.

Nínú ogunlọ́gọ̀ yẹn ni àwọn ará tiwa wà. Ẹ rò ó wò: ọmọ Kétu àti ọmọ Ìmẹ̀kọ jókòó sí ẹnu iṣẹ́ kan náà ní Èkó. Èdè wọn kan, oríkì wọn kan, ilà ojú wọn lè jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀kan jẹ́ onílé, èkejì jẹ́ àlejò tí wọ́n ń lé. Kí ló yà wọ́n? Ìwé Párìsì ti 1889 ni.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1985, Nàìjíríà tún lé àwọn àlejò jáde lẹ́ẹ̀kejì. Ní àkókò náà, ibodè orí ilẹ̀ wà ní títì. Ìjọba ológun ti tì í ní 1984 nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà, ó sì di oṣù kẹta ọdún 1986 kí wọ́n tó ṣí i padà.

LÁTI ÌGBÀ NÁÀ

Ìwé Dakar kò kú. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 2000, wọ́n pinnu láti ní pásípọ́ọ̀tù tó jẹ́ irú kan náà fún gbogbo orílẹ̀-èdè àjọ náà. Ní 2014, wọ́n pinnu láti mú ìwé ìgbélùú kúrò láàárín wọn, kí wọ́n sì fi káàdì ìdánimọ̀ kan rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, Ààrẹ Buhari àti Ààrẹ Talon jọ ṣí ibùdó àyẹ̀wò tuntun ní Sèmè, kí àwọn oníbodè ìlú méjèèjì lè máa ṣiṣẹ́ ní ibì kan náà.

Kò tó ọdún kan tí Nàìjíríà fi ti ibodè. Láti ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni. Ó ní ìrẹsì àti àwọn ẹrù fàyàwọ́ ló pọ̀ jù, ó sì ní ọ̀rọ̀ ààbò wà níbẹ̀. Sèmè ṣí ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Ìdìrókò, tó kọjú sí Ìgólò, ó di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé kó ṣí. Ẹ padà wo abala kẹrin: ẹni tí òfin kò gbà ni ó sọ pé ìlú lè kọ̀ fún. N kò rí ibi tó ti sọ pé kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ní ìwé àti ẹni tí kò ní pọ̀.

Ní apá àríwá wa, nǹkan tún yí padà. Níjẹ̀, Burkina Faso àti Mali kúrò nínú CEDEAO ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025. Nígbà tí wọ́n lọ, àjọ náà kéde pé kí àwọn ìlú tó kù ṣì máa gba pásípọ́ọ̀tù wọn tó ní àmì àjọ, kí ọjọ́ 90 má sì yingin, títí wọn yóò fi sọ ohun mìíràn. Ẹ ṣàkíyèsí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn.

Ìyá kan béèrè ọ̀rọ̀ kan ní kíláàsì wa tó yẹ kí gbogbo wa gbọ́. Ó ní: "Bí mo bá gba ọ̀nà igbó lọ sọ́jà lọ́hùn-ún, ṣé ọjọ́ 90 yẹn ṣì jẹ́ tèmi?" Ìdáhùn ni pé ìwé náà sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó gba ibodè tí ìjọba yàn. Òǹtẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé rẹ níbẹ̀ ló ń fi ọjọ́ tí o wọlé hàn. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ka 90. Ẹni tó gba ọ̀nà igbó kò ní òǹtẹ̀; bí wọ́n bá mú un, kò sí ọjọ́ tó lè nà ọwọ́ sí. Ìyá náà ní: "Ṣùgbọ́n ní ibodè, owó ni wọ́n ń gbà." Òótọ́ ni pé wọ́n ń gbà á, níbi púpọ̀. Nínú abala kẹta, ohun tí wọ́n ní kí a fi hàn ni ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́. Owó kò sí níbẹ̀. Owó orí ẹrù, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ti kọ́sítọ́ọ̀mù nìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n já ìwé owó fún ẹni tó san án.

Èdè Faransé àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé Dakar ní 1979. Ní kíláàsì wa, a ti ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní díẹ̀díẹ̀, a sì ń kọ ọ́ sójú pátákó. A ti parí abala kẹta. Abala kọkànlá ló kàn.